Àjàyí Crowther àti Àwọn Àpáta Ojú Ọ̀nà Rẹ̀

Ìwọ òǹkàwé, bí o bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iyanrìn àti amọ̀ ni ìwọ yóò máa bá, o kò ní kan àpáta. Síbẹ̀, àpáta ni iyanrìn náà tẹ́lẹ̀ rí. Jẹ́ kí n fi ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther là á yé ọ, nítorí pé ní Èkó yìí ni wọ́n ti tà á lẹ́rú, Èkó yìí náà ni ó sì ti fi ọlá sùn.

Ní ìlú Òṣogùn ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, ó sì kó òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, ó sì di àlùfáà ní 1843. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

O ti gbọ́ nípa Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Akọ òkúta ni. Ooru inú ilẹ̀ ló yọ́ ọ nígbà láéláé, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nítorí náà ni hóró inú rẹ̀ fi tóbi tí ojú rí wọn. Nígbà tí òjò gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ ni ó tó yọ síta.

Irú àpáta mìíràn ni Crowther rí ní 1854, nígbà tí òun àti Dókítà Baikie wọ ọkọ̀ Pleiad gba erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí, lọ sí Odò Ọya. Iná inú ilẹ̀ ló tú erékùṣù náà jáde láti inú òkun. Àpáta yíyọ́ tí ó bá tú síta a máa tètè tutù. Ìdí nìyí tí òkúta ibẹ̀ fi dúdú, tí hóró rẹ̀ sì kéré.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857, àpáta fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òpin sí iṣẹ́ wọn. Lẹ́bàá Jẹ́bà, omi ti jẹ ibi tí ó rọ̀ lọ, ó ku èyí tí ó le láàrin odò. Ọkọ̀ Dayspring kọlù ú, ó sì fọ́. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò, ṣùgbọ́n Crowther kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dẹrùn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí; nígbà tó yá, wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ní Marina.

Wàyí o, báwo ni àpáta ṣe di iyanrìn Èkó? Oòrùn a mú un gbóná lọ́sàn-án, òtútù a mú un lóru, yóò sì sán. Òjò a wọ ibi tó sán, gbòǹgbò igi a tẹ̀ lé e. Apá kan a di amọ̀, hóró tó le jù a di iyanrìn, odò bí Odò Ògùn a sì gbé wọn wá sínú ọ̀sà.

Ẹ̀kọ́ tí o lè rí kọ́ nìyí: ohun tó le jù lára àpáta kì í parun, òun ni ìlú dúró lé. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Crowther, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá tí ó bá wọn túmọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa.