Àreògún Òsì: Agbẹ́gilére Tó Mọ Ọrùn Oníjó

Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí Dàda Àreògúnyánnà ní Òsì, ní ilẹ̀ Èkìtì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Bámgbóṣé ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ère gbígbẹ́.

Igi kan ṣoṣo ló fi ń gbẹ́ ère Ẹpa: ìkòkò olójú méjì tí oníjó ń ki orí bọ̀ wà nísàlẹ̀, jagunjagun orí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ wà lókè. Ẹrù ńlá ni, síbẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ gbé e fò gun òkìtì. Bó bá kọsẹ̀, àmì burúkú ni fún ìlú. Bí ère bá wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọrùn oníjó ló máa mọ̀ ọ́n.

Ó kú ní 1954. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Tatsumi Hijikata gbé ijó butoh jáde ní Tokyo, níbi tí ara oníjó fúnra rẹ̀ ti di ère.

Bándélé ọmọ Àreògún ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Àwọn ère bàbá rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ sí mùsíọ́mù báyìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má wo igi nìkan. Ẹ rántí ọrùn tó gbé e.