Ìran Náná Asmau, Ọmọ Ṣéù Usman

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Kaduna níbí ni kò lè ka orúkọ ìran wọn kọjá bàbá àgbà. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè ìyá tó bí bàbá àgbà náà, ọ̀rọ̀ pin. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Náná Asmau wá.

Degel ní ilẹ̀ Gobir ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1793. Ìbejì ni, Hassan ni èkejì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Hausa ṣe ń sọ ìbejì lórúkọ yóò retí Hussaina, ṣùgbọ́n Asmau ni Ṣéù Usman Danfodio sọ ọ́, orúkọ ọmọ Abubakar tó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì nínú ihò àpáta. Maimuna ni ìyá tó bí i.

Ṣéù fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1754, ọmọ Muhammad Fodio ni. Fodio kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Onímọ̀ ló túmọ̀ sí lédè Fúlàní. Bàbá Fodio ni Usman, bàbá Usman ni Salihu, bàbá Salihu ni Haruna. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á lọ bí ẹni ń fa tẹ̀súbáà, títí dé ọ̀dọ̀ Musa Jokollo, tó kó àwọn Toronkawa kúrò ní Futa Toro, ní ìhà Senegal òde òní, wá tẹ̀dó sí Konni ní ilẹ̀ Hausa. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí a tó bí Asmau. Àlejò ni wọ́n nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà.

Ìhà àwọn obìnrin ló dùn mọ́ wa jù. Hawwa, ìyá Ṣéù, àti Rukayya, ìyá àgbà rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní kéú. Ìmọ̀ tí Asmau gbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni apá kan rẹ̀ ti wá. Àwọn bàbá kan láàárín wa máa ń yọ ọmọbìnrin kúrò ní ilé kéú ní kété tó bá ti lè gbé igbá ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò.

Ní 1804 tí Ṣéù ṣe hijra láti Degel lọ sí Gudu, ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni Asmau. Ó fẹ́ Gidado, tó di Waziri fún Muhammad Bello, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa, èyí tí obìnrin tí kò mọ̀wé lè há sórí nídìí ọlọ. Ó kó àwọn obìnrin abúlé jọ sábẹ́ àwọn aṣáájú tí wọ́n ń pè ní jaji, ó dé wọn ní fìlà malfa tí a fi koríko hun, wọ́n sì ń kó èrò wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sokoto. Yan Taru ni orúkọ wọn.

Ó kú ní 1864, wọ́n sì sin ín sí Hubbare, nítòsí bàbá rẹ̀. Abdulkadir ọmọ rẹ̀ ti jẹ Waziri lẹ́yìn Gidado. Waziri Junaidu, tó kú ní 1997, ìran Gidado kan náà ni. Ilé rẹ̀ ni ìwé tí Asmau fi ọwọ́ kọ wà, òun ló sì gbé wọn fún Jean Boyd, obìnrin òyìnbó tó tẹ ìtàn Asmau jáde ní 1989.