James Lind, dókítà tó fi ọsàn dán àbá wò lórí òkun

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn dókítà kan ni mo mú wá, torí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé bí èèyàn ṣe ń dá àbá, tó sì ń dán an wò. Ìtàn James Lind tú u palẹ̀ dáadáa.

Ìlú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1716. Nígbà yẹn, àrùn scurvy ń pa atukọ̀ ju ìbọn ọ̀tá lọ: èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa já, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ á tún là. Nínú ìrìn àjò tí Anson fi yí ayé ká láti 1740 sí 1744, ó lé ní 1,000 ọkùnrin tó kú, scurvy ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé oògùn wọ́n o. Oníkálukú ló ní tiẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi wọ́n wéra. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ńṣe ni ara ń jẹrà, àti pé nǹkan kíkan á dá a dúró. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1747, nínú ọkọ̀ ogun Salisbury, Lind mú aláìsàn 12 tí àìsàn wọn jọra. Ibì kan náà ló kó wọn sí, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ó wá pín wọn ní méjì-méjì. Àwọn kan ń mu ọtí èso ápù, àwọn kan ásíìdì tí wọ́n bù là, àwọn kan fínígà, àwọn kan omi òkun. Àwọn kan ń lá oògùn tí aáyù wà nínú ẹ̀. Àwọn méjì tó kù ń jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́.

Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Bí ara ẹnì kan bá yá, kò sẹ́ni tó máa sọ pé oúnjẹ ni tàbí ibi tó sùn sí. Lọ́jọ́ kẹfà, ọsàn tán, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ti lè ṣiṣẹ́, èkejì sì ń tọ́jú àwọn tó kù. Ọtí ápù ṣe díẹ̀. Fínígà àti ásíìdì kan gógó, síbẹ̀ wọn ò wo ẹnikẹ́ni sàn. Àbá pé nǹkan kíkan ni oògùn ẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Lónìí, a mọ̀ pé vitamin C ló ṣiṣẹ́ náà.

Ibi tó dùn mí rèé. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1753, Lind ní kí wọ́n se omi ọsàn títí á fi ki, kó lè pẹ́ nínú ọkọ̀. Kò dán èyí wò lára aláìsàn bó ṣe dán ti àkọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ iná ń ba vitamin C jẹ́. Ó di olórí dókítà ilé ìwòsàn Haslar lọ́dún 1758, ó kú lọ́dún 1794. Ọdún 1795 ni iléeṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún atukọ̀ ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ọdún 48 lẹ́yìn ìdánwò yẹn!

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé àbá wá, tàbí tí ẹnì kan bá ní àgbo òun ń wo gbogbo àrùn, ẹ bi í pé: àwọn wo ló lò ó, àwọn wo ni kò lò ó, kí ló tún yàtọ̀ láàárín wọn? Ẹ bi ara yín náà. Ó dìgbà o.