Dókítà Nathaniel King: Bí Ọmọ Yorùbá Kan Ṣe Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn



Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde lọ́dọọdún, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ìyá kan ní Ọjà Tìmì tí ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí ó mú ìwé èsì ọmọ rẹ̀ dání, tí ó ń wá ẹni tí yóò kà á fún un. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ǹjẹ́ ọmọ yìí lè di dókítà? Ìdáhùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ yege dáradára nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místrì àti bàọ́lọ́jì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn a sì máa béèrè pé kí ó yege nínú gbogbo wọn ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò JAMB, lẹ́yìn èyí ni Yunifásítì tí ó yàn, ì báà ṣe ti Ifẹ̀ tí ó wà nítòsí wa, yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òbí a mí kanlẹ̀, wọn a ní ilẹ̀kùn wo ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí?

Kì í ṣe òní ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ti pọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn Olóògbé Nathaniel King, ẹni tí àwọn òpìtàn kà sí dókítà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́ ìṣègùn Òyìnbó tí ó sì padà wá sí ilé láti fi í ṣiṣẹ́ láàárín wa.

Ní ọdún 1847 ni a bí i, ní ìlú Hastings ní Sàró. Bàbá rẹ̀, Thomas King, jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tí a kó lẹ́rú ní kékeré, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró. Ní 1850 ni ó kó ẹbí rẹ̀ padà sí Abẹ́òkúta, ó di oníwàásù C.M.S., ó sì bá Crowther ṣe iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹni tí ó bá ti rí bí iṣẹ́ ìtumọ̀ ti ń gba sùúrù yóò mọ irú ilé tí a gbé tọ́ Nathaniel dàgbà: ilé ìwé àti àtùpà òru ni.

Ní 1861, nígbà tí ọmọ náà tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, C.M.S. rán oníṣègùn kan wá sí Abẹ́òkúta, Dókítà A. A. Harrison, ẹni tí ó kàwé ní Cambridge. Ogun Ìjàyè ń jà lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn asáfógun sì kún ìlú. Harrison kò fi títọ́jú aláìsàn nìkan ṣe. Ó ṣà àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ara ènìyàn àti ti oògùn. Nathaniel King wà nínú wọn. Bí a bá ní kí á pe ilé ẹ̀kọ́ kékeré yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́. Thomas King kú ní 1862. Ní 1864, ọdún kan náà tí àwọn ará Dahomey tún wá kọlu Abẹ́òkúta, Harrison fúnra rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni King; bàbá ti lọ, olùkọ́ ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà sì tú ká. Ní 1867 ni ìjà Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a lé àwọn Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ C.M.S. sì ṣí lọ sí Èkó. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí ọmọ yìí di oníṣègùn, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀ràn náà gbé le jù. Ohun tí King kọ́ lọ́dọ̀ Harrison tó láti fi pò oògùn kí ó sì di ọgbẹ́. Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ apòògùn, àwa ará Ẹdẹ kò sì lè fojú kéré rẹ̀: Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, iṣẹ́ apòògùn ni ó ṣe kí ó tó gorí oyè. Ṣùgbọ́n apòògùn kì í ṣe dókítà lójú òfin. Ní 1858 ni Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí a máa kọ orúkọ gbogbo dókítà tí ó yege sínú ìwé kan, kí ará ìlú lè mọ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tí òfin náà gbé kalẹ̀ sì fẹ́ kí ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìwé kíkà, kí ó tó fọwọ́ kan òkú tàbí àrùn: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti èdè Látìnì pẹ̀lú. Ní ti Látìnì, ẹ má ṣe rò pé àṣehàn lásán ni. Látìnì ni àwọn oníṣègùn ìgbà náà fi ń kọ ìwé oògùn sí apòògùn. Bí ọmọ bá gbọ́n bí ifá, tí ó sì lè wo ibà sàn, bí kò bá gbọ́ Látìnì, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ta ni yóò sì kọ́ ọ ní irú èdè bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ogun yí ká?

Ọdún méje kọjá lẹ́yìn ikú Harrison kí ọ̀nà tó ṣí. Ní nǹkan bí 1871 ni King lọ sí Sàró, sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Látìnì àti Gíríìkì. Ó ti dàgbà nígbà náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ti ń fẹ́yàwó, wọ́n ti ń dá oko, òun sì tún jókòó níwájú olùkọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí King's College ní London. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì pátápátá, nítorí ní 1855 ni Ìjọba ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Fourah Bay kan náà lọ síbẹ̀ láti kọ́ wọn fún iṣẹ́ ológun. William Broughton Davies, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti James Africanus Horton, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, yege. Ẹnì kẹta, Samuel Campbell, ṣàìsàn, kò sì parí ẹ̀kọ́ náà. Àwọn méjèèjì di oníṣègùn ọmọ ogun, etíkun sì ni iṣẹ́ wọn gbé wọn sí.

Ní 1874, King gba M.R.C.S., ìwé ẹ̀rí tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ England máa ń fún ni. Ẹni ọdún 21 lè gbà á. King ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yìí ó lè wọ ọkọ̀ padà sí Èkó kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún kọjá sí ilẹ̀ Scotland, ó wọ Yunifásítì Aberdeen, ó sì gba oyè M.B. ní 1876. Lójú tiwa, ìpinnu yìí fi ọkàn rẹ̀ hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Iṣẹ́-abẹ nìkan ni M.R.C.S. jẹ́rìí sí, King sì mọ̀ pé ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ṣọ̀pọ̀ná ni yóò pàdé ní ilé, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀bẹ ń wò.

Ó padà sí Èkó, ó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. àti àwọn ará ìlú. Ní 1882, Aberdeen fún un ní oyè M.D., èyí tí ó ga jù lọ nínú oyè ìṣègùn. Ọdún méjì péré ni ó fi gbádùn oyè náà. Ó kú ní Èkó ní 1884. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ jókòó lọ́dọ̀ Harrison títí di ọjọ́ tí ó gba M.B., ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọdún tí ó fi ṣe dókítà láàárín wa kò tó mẹ́wàá.

Ẹni tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ gan-an ni Obadiah Johnson, tí òun náà gba Fourah Bay kọjá sí King's College, tí ó sì gba M.D. ti Edinburgh ní 1889. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ka ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá mọ orúkọ ìdílé náà. Samuel, ẹ̀gbọ́n Obadiah, ni ó kọ ìwé náà. Nígbà tí ìwé tí ó fọwọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí, tí Samuel sì ti kú, dókítà yìí ni ó jókòó tún un tò láti inú àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.