WÒLÍÌ OSHOFFA: AYỌ̀ TÓ TI INÚ IGBÓ JÁDE

Ní àjọ̀dún wa yìí, a rántí aládùúgbò wa kan. Ìmẹ̀kọ kò jìnnà sí Ẹ̀gùá, ìlú ìyá Wòlíì Samuel Bilewu Joseph Oshoffa sì ni.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1909. Ojú baba rẹ̀, Ojo káfíńtà, ti rí màbo ṣáájú: àwọn ọmọ ń kú, obìnrin kan ṣoṣo ló kù. Baba bẹ Ọlọ́run fún ọmọkùnrin, ó sì fi í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ Olúwa.

Samuel ṣe káfíńtà, ó tún ń ta ẹ́bónì, igi dúdú líle yẹn. Òwò yìí ló gbé e wọ igbó ní 1947. Ní oṣù karùn-ún, oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Inú rírun mú atukọ̀ rẹ̀, ọ̀nà sì dàrú mọ́ òun lójú. Ìjọ rẹ̀ ròyìn pé oṣù mẹ́ta ló fi rìn kiri, tó ń lá oyin, tó ń mu omi, tó ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣìnà nínú igbó ààlà wa rí, ẹ mọ̀ pé alẹ́ kan péré kì í ṣe eré. Oṣù mẹ́ta ńkọ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó wá igi wọlé jáde pẹ̀lú àdúrà ìwòsàn lẹ́nu. Atukọ̀ náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Ní 29 September 1947, ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó sùn nínú Olúwa ní 10 September 1985. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ sì ni aláṣọ funfun máa ń ya lọ ní Kérésìmesì, tìlù-tijó.