Salme, Ọmọ-Ọba Zanzibar Tó Di Ará Jámánì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́mọ ní òkè òkun, ìtàn obìnrin kan láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà la fẹ́ sọ fún yín lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ṣàjèjì sí wa.

Ọdún 1844 ni wọ́n bí Salme sí ààfin Mtoni ní Zanzibar, ìlú òwò àwọn Swahili tó wà ní Tanzania lónìí. Ọba Sayyid Said ni bàbá rẹ̀. Òwò kànáfùrù, eyín erin àti ẹrú ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. Wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin ní ìwé kíkọ nígbà náà, àfi kíkà. Ṣùgbọ́n Salme fi eegun èjìká ràkúnmí ṣe síléètì, ó kọ́ ara rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Ní 1866, ó lóyún fún Heinrich Ruete, oníṣòwò ará Jámánì. Ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ló bá gba ojú òkun sá lọ sí Aden. Níbẹ̀ ló ti di Kristẹni tó ń jẹ́ Emily, tí wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1867, kí wọ́n tó forí lé Hamburg. Ní 1870, ọkọ̀ orí irin tí ẹṣin ń fà ṣekú pa ọkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún un. Salme wá ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá kí wọ́n lè rí jẹ.

Àwọn ọmọ yìí kò mọ ilé ìyá wọn. Nítorí tiwọn ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rántí sílẹ̀: ààfin, oúnjẹ, aṣọ, ọdún, ọ̀rọ̀ orogún.

Ní 1885, ó padà dé Zanzibar. Ará ìlú tú jáde kí i, ṣùgbọ́n Barghash, ọbàkan rẹ̀ tó wà lórí oyè, kọ̀ láti rí i, kò sì fún un ní ogún tó ń béèrè. Ìjọba Jámánì tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, tara wọn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì. Ó tún lọ ní 1888, pàbó ló já sí.

Ìwé rẹ̀ jáde ní 1886. A kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé, nítorí ó gbèjà ẹrú níní. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ààfin náà.

Ó kú ní Jena ní 1924, lẹ́ni ọdún 79. Hamburg ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú iyanrìn etíkun Zanzibar tó ti ń tọ́jú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí kò mọ ilé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ilé fún àwọn ọmọ wa, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà.