D. O. Fágúnwà: Baba Ìtàn Abanilẹ́rù

Òkè-Igbó ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní 1903. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní Ajégúnlẹ̀ nígbà èwe. Omi gbé Fágúnwà lọ nítòsí Bida ní 1963, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò bá a lọ: Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré Langbodo fún FESTAC 1977. Ní Japan, Junji Ito ti fi àwòrán tún ìtàn Frankenstein sọ. Ẹ̀yin ayàwòrán wa, ẹ dìde! Bí a kò bá ya Àgbákò, àwọn ọmọ wa yóò mọ iwin oníwin, wọn kò ní mọ ti ilé.